Jackie Chan àti Jet Li nínú fíìmù kan ṣoṣo: kí la máa kọ́kọ́ wò, ibo la sì máa fojú sí?

Ọmọ Mápó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Nígbà ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ máa kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa jọ ní ìrọ̀lẹ́ láti wo fíìmù ìjà, nítorí a rí i pé orí fóònù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wò ó ní gígé-gígé, ìṣẹ́jú kan níhìn-ín, ìṣẹ́jú méjì lọ́hùn-ún, láìmọ ẹni tó ń jà tàbí ohun tó fa ìjà. “The Forbidden Kingdom”, tó jáde ní ọdún 2008, ló wà lọ́kàn mi pé ká fi kádìí ètò náà, torí pé òun ni Jackie Chan àti Jet Li ti kọ́kọ́ kojú ara wọn, lẹ́yìn tí àwa tí a dàgbà sídìí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí ẹni tí yóò na èkejì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn kan sọ fún mi pé fíìmù náà kò tó bí wọ́n ṣe rò. Kí ni ká kọ́kọ́ fi han àwọn ọ̀dọ́ yìí kí wọ́n lè mọ iyì ìpàdé náà? Kí ni kí n ní kí wọ́n máa fojú sí? Bí ẹ bá sì mọ fíìmù mìíràn tí àgbà òṣèré ìjà méjì ti pàdé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Òǹwòran Àtijọ́

Àbúrò mi, o ṣeun tí o gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Má yọ fíìmù náà kúrò nínú ètò rẹ, ṣùgbọ́n má fi í bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń bọ̀ kò ní rí ju ọkùnrin méjì tó ń lu ara wọn lọ.

“Drunken Master” ti ọdún 1978 ni kó ṣáájú. Yuen Woo-ping ló darí rẹ̀. Jackie Chan ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin alágídí kan tí bàbá rẹ̀ fà lé ọ̀mùtí àgbàlagbà kan lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ níjà, Yuen Siu-tien tó jẹ́ bàbá tó bí Yuen Woo-ping ló sì ṣe ọ̀mùtí náà. Dá fíìmù náà dúró níbi tí wọ́n ti so ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́ òkè, tí orí rẹ̀ dorí kodò, tó ń fi ife kékeré bu omi nínú garawa tó wà nílẹ̀, tó sì ń ká ara rẹ̀ sókè láti dà á sínú garawa tó wà lókè. Jẹ́ kí wọ́n wo ikùn rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Kò sí ohun tí kamẹ́rà fi bo ibẹ̀, ara ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ fíìmù yìí ni pé nígbà tó di ọdún 2008, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, Jackie Chan fúnra rẹ̀ ló di ọ̀mùtí tó ń kọ́ ọmọdé níjà, Yuen Woo-ping kan náà ló sì to gbogbo ìjà inú “The Forbidden Kingdom”, ìyẹn ni pé òun ló pinnu bí ẹ̀ṣẹ́ àti ìgbésẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ àná ti di olùkọ́, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n ní àná. Bí àwọn ọ̀dọ́ náà kò bá rí ti ọdún 1978, ọ̀mùtí lásán ni wọn yóò rí.

Lẹ́yìn náà, fi “Shaolin Temple” ti ọdún 1982 hàn wọ́n. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Jet Li ṣe, ní àgbègbè Hẹ́nan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí tẹ́ńpìlì Shaolin gan-an wà, ó sì ṣe ọ̀dọ́ kan tó di ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá rí i ní ọdún 2008 tó fá orí, tó wọ aṣọ funfun, tó ń jẹ́ Ẹlẹ́sìn Aláìsọ̀rọ̀, ẹ ó mọ̀ pé àwọn tó ṣe fíìmù náà ń bu ọlá fún ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò fẹ́ kí o fò dá. Ọkùnrin kan wà láyé rí tó ń jẹ́ Wong Fei-hung, oníṣègùn àti olùkọ́ ìjà ní ìhà gúúsù Ṣáínà, tó kú láàárín ọdún 1920 sí 1930. Àwọn méjèèjì tí a ń sọ yìí ló ti ṣe é nínú fíìmù. Jackie Chan ṣe é nínú “Drunken Master” ti ọdún 1978 àti “Drunken Master II” ti ọdún 1994 bí aláwàdà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Jet Li ṣe é ní ọdún 1991 nínú “Once Upon a Time in China” tí Tsui Hark darí, bí ọ̀gá tó rọra ń sọ̀rọ̀, tí agbòòrùn lásán ń di ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yan abala kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wò ó tẹ̀lé ara wọn ní alẹ́ kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń ṣe, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dúró gan-an kò jọra. Ibẹ̀ ni ìpàdé wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní tèmi, kí wọ́n tó jọ dúró síwájú kamẹ́rà rárá.

Ayàwòrán Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Òǹwòran ti sọ ti àwọn òṣèré, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń fi kamẹ́rà jẹun sọ ti àwòrán.

Ìjà wọn àkọ́kọ́ nínú “The Forbidden Kingdom” wáyé nínú tẹ́ńpìlì kan. Ẹlẹ́sìn náà ti já ọ̀pá idán gbà lọ́wọ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí ọ̀mùtí ń tọ́jú, ọ̀mùtí sì wá a dé ibẹ̀ láti gbà á padà. Peter Pau ló ya àwòrán fíìmù náà, ẹni tó ti gba Oscar fún iṣẹ́ tó ṣe nínú “Crouching Tiger, Hidden Dragon”. Sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà pé kí wọ́n má wo ọwọ́, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wò. Kí wọ́n ṣọ́ ìgbà tí àwọn méjèèjì hàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ nínú àwòrán kan náà, kí wọ́n sì máa ka iye ẹ̀ṣẹ́ tó ń kọjá láàárín wọn kí àwòrán tó gé sí òmíràn.

Bí ẹnì kan nínú àwọn méjì tó ń jà kò bá mọ ìjà, àwọn tó ń ṣe fíìmù ní láti máa gé e: ojú ẹni tó ń jan ẹ̀ṣẹ́, lẹ́yìn náà ọwọ́ kan tí a kò mọ ẹni tó ni ín, lẹ́yìn náà ẹni tó ń ṣubú. Olùyàwòrán á sún mọ́ tòsí, á sì máa mi kamẹ́rà kí àlébù má bàa hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ti ń fi ara wọn ṣe é láti kékeré ni, kamẹ́rà lè fà sẹ́yìn kó sì dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀kan á jan, èkejì á gbà á dànù, á dá a padà, á tún yẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ láìgé. Èyí ni ohun tí ìpàdé àwọn àgbà òṣèré méjì fi ń yàtọ̀ sí ìjà mìíràn, òun náà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wá bí mo bá gbọ́ pé àwọn méjì kan fẹ́ pàdé.

Sọ òótọ́ kan fún wọn pẹ̀lú. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi okùn gbé àwọn òṣèré náà fò, tí ọwọ́ kọ̀ǹpútà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹlẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Kí o sì mọ̀ pé láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará Hong Kong ti ń dín iye àwòrán tí kamẹ́rà ń yà kù díẹ̀. Dípò 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n lè yà 22, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá fi 24 gbé e jáde, ọwọ́ á yá ju bó ṣe yá lọ. Kì í ṣe ẹ̀tàn tó yẹ kó bí wọn nínú. Ẹni tí kò bá mọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe ń mú un yá ni àṣìṣe rẹ̀ á máa hàn sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí Ọmọ Mápó tún sọ nǹkan kan fún àwọn ọ̀dọ́ náà kí iná tó kú, kí wọ́n má bàa bínú dìde.

Kì í ṣe Jackie Chan tàbí Jet Li ni ìtàn fíìmù náà dá lé. Ọmọ Amẹ́ríkà kan láti Boston tó fẹ́ràn fíìmù kúńfú, tí Michael Angarano ṣe, ló bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà ayé àtijọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dá ọ̀pá kan padà fún Sun Wukong, Ọba Ọ̀bọ inú ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà. Rob Minkoff tó darí rẹ̀ wà lára àwọn méjì tó darí “The Lion King” ní ọdún 1994, fíìmù tí ìyá, bàbá àti ọmọ lè jọ wò ló sì fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá jókòó tì í pé ìjà àjàkú-akátá lòun fẹ́ wò, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni ọjọ́ orí. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2008, Jackie Chan ti pé ẹni ọdún 54, Jet Li sì ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé 45. Ẹ ronú sí ọdún 1994 ná. Ọdún yẹn ni “Drunken Master II” ti Jackie Chan jáde, ọdún yẹn náà ni “Fist of Legend” ti Jet Li jáde, kò sì sí èyí tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá nínú àwọn méjèèjì. Ìgbà yẹn ló yẹ kí wọ́n pàdé. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o pe fíìmù ọdún 2008 ní àlọ́ fún wọn ní tààrà, kí o sì fi abala ìjà ìparí “Fist of Legend” hàn wọ́n ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí Jet Li jẹ́ nígbà tí agbára wà.

Arábìnrin Wúṣú

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní wúṣú, ìyẹn eré ìjà àwọn ará Ṣáínà, ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ mi gan-an.

Àbúrò mi ní Àkúrẹ́, mo gbọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé ọdún 1994 ni ì bá dára jù. Olórí òṣèré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà yẹn, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbé fíìmù. Ta ni ì bá gbà kí wọ́n jan òun mọ́lẹ̀ lójú gbogbo Hong Kong? Lójú tèmi, ọjọ́ orí ló jẹ́ kí wọ́n lè fàyè gba ara wọn. Wo ojú Jackie Chan nínú tẹ́ńpìlì yẹn nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ ẹlẹ́sìn bá bà á: inú rẹ̀ ń dùn. Ó hàn pé ó ti ń retí ẹni tí yóò lè dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú ìdúró wọn yàtọ̀, torí Ẹ̀gbọ́n Òǹwòran fọwọ́ bà á láìtú u. Jackie Chan kò ti ìdí ìdíje ìjà wá. Láti kékeré ni wọ́n ti fi í sí ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ti Peking ní Hong Kong lọ́dọ̀ Yu Jim-yuen, níbi tí òun, Sammo Hung àti Yuen Biao, tí àwọn náà di òṣèré ìjà, ti jọ kọ́ orin, ìtàkìtì àti ìjà orí ìtàgé. Ìlù ló ń darí ẹsẹ̀ níbẹ̀, òǹwòran sì ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Ìdí nìyẹn tí àga, àkàbà tàbí ìjókòó onígi fi ń di alábàáṣe lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi máa ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ jìgìjìgì lẹ́yìn tó bá jan ẹnì kan ní ẹ̀ṣẹ́, kí a lè mọ̀ pé ó dun òun náà. Inú ẹgbẹ́ wúṣú ìlú Beijing ni Jet Li ti dàgbà ní tirẹ̀, níbi tí àwọn adájọ́ ti ń wo bí ẹ̀yìn ṣe nà, bí apá ṣe gún, bí ẹsẹ̀ ṣe balẹ̀ láìmì. Ní ọdún 1974, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, ó bá ẹgbẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣeré níwájú Ààrẹ Nixon ní White House. Kò sí ìgbésẹ̀ tó máa ń fi sílẹ̀ láìparí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ pé kí wọ́n dá àwòrán Jet Li dúró níbikíbi tó bá wù wọ́n, wọn yóò rí i pé ìdúró tó pé ni.

Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ̀kan di ọ̀mùtí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí wọ́n sọ èkejì di ẹlẹ́sìn tó nà tàntàn bí ọ̀pá ìlà, Yuen Woo-ping mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti darí ọ̀kan ní ọdún 1978, ó sì ti to ìjà fún èkejì nínú “Fist of Legend” tí o dárúkọ yẹn. Ó mọ ara àwọn méjèèjì. Ìmọ̀ tí ẹnì kan ní nípa ara ènìyàn méjì ló ń mú irú ìpàdé yìí yọrí, mo sì rò pé òun ló yẹ kí Ọmọ Mápó fi ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Bí wọ́n bá tún gbọ́ lọ́jọ́ iwájú pé òṣèré ìjà méjì fẹ́ pàdé, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò to ìjà náà.

Má sì jẹ́ kó jẹ́ ọkùnrin nìkan ni wọn yóò rí o. Michelle Yeoh àti Zhang Ziyi pàdé nínú “Crouching Tiger, Hidden Dragon” ní ọdún 2000, nínú gbọ̀ngàn kan tí ohun ìjà kún ògiri rẹ̀. Idà kan ṣoṣo ni èyí ọmọdé mú, kò sì sí irin tí kì í gé. Èyí àgbà ń mú ohun ìjà kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀kan tilẹ̀ wúwo ju ohun tí apá rẹ̀ ká lọ, ó sì ní láti fi í sílẹ̀. Ìdí ijó ni àwọn obìnrin méjèèjì ti wá sídìí fíìmù. Yuen Woo-ping yìí kan náà ló to ìjà wọn.

Ọmọ Mápó

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìwọ àbúrò mi. Ọlọ́run yóò mú kí ẹ pẹ́ fún wa. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo mọ àwọn ọmọ yìí dáadáa: bí ìjà inú tẹ́ńpìlì bá parí, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi mí ni ẹni tó borí. Kí ni kí n dá wọn lóhùn? Èkejì ni pé alẹ́ kan péré ló ṣẹ́ kù fún àwọn òṣèré méjì mìíràn tó ti pàdé. Èwo ni kí n mú?

Òǹwòran Àtijọ́

Sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó borí, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí nínú fíìmù náà. Àwọn méjèèjì wá di alájọrìn, wọ́n jọ ń kọ́ ọmọ náà níjà, wọ́n sì ń já ara wọn ní koro lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ́ ọ, èyí tó dùn ún wò bí ìjà náà.

Fún alẹ́ tó kù, mú “The Way of the Dragon” ti ọdún 1972. Bruce Lee ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló sì jà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Chuck Norris, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìdíje karate ní Amẹ́ríkà lóòótọ́. Inú Colosseum ní ìlú Róòmù ni ìjà náà ti wáyé nínú ìtàn. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ń na ara wọn, wọ́n ń yí ọrùn àti ọwọ́, ológbò kékeré kan ń wò wọ́n, kò sì sí ẹni tó bú ẹnì kan. Chuck Norris ló kọ́kọ́ ń rí i ṣe. Bruce Lee wá yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó ń fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ó sì bọ́ mọ́ èkejì lọ́wọ́. Nígbà tó ti ṣẹ́ ẹ lápá àti lẹ́sẹ̀, ó mi orí sí i pé kó jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà kọ̀. Lẹ́yìn tó pa á, ó mú aṣọ àti ìgbànú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé e lórí, ó kúnlẹ̀. Ìjà tí ẹnì kan borí nìyẹn, síbẹ̀ kò sí ìdùnnú ìṣẹ́gun kankan nínú rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi wé ti tẹ́ńpìlì.

Bí àyè bá yọ, fi ìjà orí tábìlì roboto láàárín Donnie Yen àti Sammo Hung kún un, nínú “Ip Man 2” ti ọdún 2010, níbi tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti pàdánù. Ọ̀mì ni òun náà. Sammo Hung tó jà níbẹ̀ ló tún to ìjà náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni òun àti Jackie Chan sì ti jáde, bí Arábìnrin ṣe sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo fi ọ̀kan kún un: Donnie Yen àti Jet Li nínú “Once Upon a Time in China II” ti ọdún 1992, tí Yuen Woo-ping náà to ìjà rẹ̀. Donnie Yen rẹ aṣọ gígùn sínú omi, ó lọ́ ọ títí ó fi le bí ọ̀pá, ó sì ń fi í fọ́ nǹkan káàkiri ọ̀nà tóóró kan. Wọ́n tún pàdé ní ọdún 2002 nínú “Hero” tí Zhang Yimou darí, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan, idà lọ́wọ́ èkejì, òjò ń rọ̀, bàbá afọ́jú kan ń ta ohun èlò orin olókùn, apá kan ìjà náà sì jẹ́ inú ọkàn wọn nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ bí ọmọdé bá wà láàárín yín, má fi “SPL” ti ọdún 2005 hàn wọ́n. Ìjà Donnie Yen àti Wu Jing níbẹ̀, kóńdó sí ọ̀bẹ, wà lára èyí tó yá jù tí mo tíì rí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù náà pọ̀ jù fún ojú ọmọdé.

Ayàwòrán Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun èlò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ jù nínú “The Forbidden Kingdom”, ìyẹn kò ní í fún ọ ní wàhálà. Fún àwọn ti àtijọ́, wá ẹ̀dà tí wọ́n ti ń sọ èdè tiwọn, tí ìtumọ̀ sì wà nísàlẹ̀ àwòrán, kí o sì máa ka ìtumọ̀ náà sókè fún àwọn tí kò bá lè tètè kà á. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi ohùn ẹlòmíràn lé lórí sábà máa ń ba ìró ìjà jẹ́. Bí o bá fẹ́ lo tẹlifíṣọ̀n tuntun, wọ inú ètò rẹ̀ kí o pa ohun tó ń mú àwòrán yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ (“motion smoothing”), torí ó máa ń sọ ìjà di eré inú gbàgede. Nígbà tí ẹ bá sì dé ìjà inú tẹ́ńpìlì, ẹ wò ó tán pẹ̀lú ìró, kí ẹ dá a padà, kí ẹ pa ìró rẹ̀ pátápátá, kí ẹ tún un wò. Bí ìlù àti ariwo ẹ̀ṣẹ́ kò bá sí mọ́, àwọn ọmọ náà á rí èyí tó jẹ́ tara àwọn òṣèré náà gan-an, wọ́n á sì rí ibi tí okùn ti gbé wọn.